Àmì Kan Ṣoṣo Nínú Róòlù Karùn-ún

Òórùn kẹrosíìnì ló pàdé Olùpamọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò kó tó fura pé ẹní ìnusẹ̀ tí òun tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń sun omi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wo ìsàlẹ̀ bàtà. Kì í ṣe omi.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́:

"Yọ fíìmù yẹn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí yàrá bàbá rẹ ṣe jó ni tìrẹ náà máa jó."

Aago mẹ́wàá ń lọ lù. Olùpamọ́ fẹ́ sá, kò sá. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn ni bí ẹgbàá agolo fíìmù àtijọ́ wà, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá: ó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má baà parẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ni Ẹ̀gbọ́n Máníjà, ọ̀gá ilé sinimá tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ẹni tó gbà á tọ́ láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe ọlọ́pàá.

Sájẹ́ńtì tó dé kò dá wá. Ó mú ìyá àgbà kan dání, tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ apá bí ẹni tí wọ́n ní kó wá tún fíríìjì ṣe. Ogún ọdún ni ìyá náà fi tún máṣìn ìránṣọ aráyé ṣe, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bó ṣe ń tú u ló ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí sééfù àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ tí kò ṣí, òun ni wọ́n pè. Ó ṣí i, ó sì dárúkọ ẹni tó bà á jẹ́ fún wọn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, wọn a ní kí wọ́n lọ pe Má-kánjú. Ohun tó máa ń fi dá oníbàárà tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lóhùn ló di orúkọ mọ́ ọn lára.

Má-kánjú kúnlẹ̀, ó fún etí ẹní náà, ó gbóòórùn ọwọ́.

"Ẹni tó da epo yìí fẹ́ kó o gbóòórùn rẹ̀ ni," ó ní. "Ẹni tó fẹ́ sun ilé kì í da epo sílẹ̀ kó tún wá dá àkókò fún onílé."

"Ṣé kí n wá lọ sùn nìyẹn, mà?" Olùpamọ́ béèrè.

"Rárá o. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ ṣáájú. Bó bá wá gbà á tán, èmi ò lè sọ."

Sájẹ́ńtì mi orí. "Ìyá wa, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú o."

Wọ́n wọlé. Yàrá gígùn kan ni, pẹpẹ irin kún un láti ilẹ̀ dé òkè, òórùn kíkan tí fíìmù máa ń mú jáde bó bá ń kú lọ sì wà nínú rẹ̀. Láàárín yàrá ni ẹ̀rọ tó ń ya fíìmù sínú kọ̀ǹpútà wà. Má-kánjú yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan àwọn eyín kéékèèké tó ń fa fíìmù kọjá, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

"Ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ń yà?"

"Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mà. Mẹ́rìnlélógún ló ń wọ ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Ó dáa. Wá sọ ti fíìmù tó fa wàhálà."

Olùpamọ́ sọ ọ́. Fíìmù tí gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń ṣàárò rẹ̀ ni: ìtàn ìyàwó apẹja kan tó ń gbé fìtílà sójú fèrèsé de ọkọ tó ti bómi lọ. Ẹ̀dà méjì àkọ́kọ́ ti gbó, wọ́n ti já sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta, tuntun, ni Olùdarí tó ṣe fíìmù náà gbé lọ sí ilé sinimá Ẹ̀gbọ́n Máníjà ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀la ni wọn ìbá fi hàn, òní ni yàrá máṣìn jó. Bàbá Olùpamọ́, tó ń yí máṣìn níbẹ̀, jóná mọ́ inú rẹ̀; ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Olùpamọ́ nígbà náà. Wọ́n ní ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ra, ó ń fa sìgá, oorun sì gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ń rìn, ó ń sanra. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti ń pè é ní ọ̀mùtí tó sun fíìmù níná. Bẹ́ẹ̀, bàbá náà kì í mu ọtí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni páálí kan wá dé láìsí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Agolo mẹ́fà tí ìpẹtà ti jẹ ló wà nínú rẹ̀: fíìmù náà, róòlù kan nínú agolo kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùpamọ́ yà á, ó gbé e síta. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti wò ó. "Ọwọ́ ìyá mi ni mo dì mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i," ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, òun ò sì tíì lè wo ìparí láìdijú.

Lẹ́yìn náà ni ìwé méjì dé. Olùdarí ló kọ ọ̀kan: "Ta ló fún ọ láṣẹ? Ó sàn kí iná jó o ju bó o ṣe gbé e síta yìí lọ." Ilé iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló kọ èkejì. Ó ní òun ló ni ẹ̀dà náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì kó róòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀.

"Olùdarí ni," Sájẹ́ńtì ní. "Iná ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kí la tún ń wá kiri?"

"Má kánjú," ìyá náà ní. Ó ń ka ìwé kejì lọ́wọ́, ó tún un kà, ó ká a, ó fi í sápò.

Kí wọ́n tó jáde, Olùpamọ́ tẹ Ẹ̀gbọ́n Máníjà láago pé ilé Olùdarí làwọn ń lọ.

"Ọmọ mi, ẹ̀mí ló jù," ohùn jẹ́jẹ́ náà ní. "Kó àwọn róòlù yẹn fún mi kí n bá ọ tọ́jú wọn. Mo ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀."

* * *

Olùdarí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó. Àwòrán obìnrin kan náà ló wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pálọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ni olè náà?"

Olùpamọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Bó o bá bá ẹrù ẹlẹ́rù lójú ọ̀nà, ṣe lo máa ń bù ú fún ẹni tó bá ń kọjá?"

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, òjò ló máa pa á, bàbá. Mo rò pé—"

"O rò. O ò béèrè. Mi ò tíì kú. Mo ní fóònù, mo sì ń gbé e."

Olùpamọ́ ti gbé fíìmù tó lé ní ẹgbẹ̀ta síta. Àwọn tó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tàbí kí wọ́n ti pòórá. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rántí pé ẹni tó ni èyí wà láàyè.

"Bàbá," Má-kánjú ní, "kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́ pé ó sàn kó jóná?"

"Nítorí ó gé e." Arúgbó náà na ọwọ́ sí ògiri. "Ìyàwó mi ni ìyàwó apẹja yẹn. Ní ìparí, ó gbé fìtílà sókè ní igun ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ibi tí ọwọ́ yẹn máa dúró sí. Nínú èyí tí ọmọ yìí gbé síta, ọwọ́ ò sí. Ó gé etí àwòrán mi yí ká. Ó gé ọwọ́ òkú dànù, ẹ wá ní kí n máa rẹ́rìn-ín?"

Má-kánjú yí ojú sí Olùpamọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbọ́ tí máṣìn dún lódì.

"Bàbá, nígbà tí ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí ilé sinimá, ṣé ẹ fi àmì kankan sí i?"

"Àmì kẹ̀? Ó mọ́ bí ojú ọmọ. Èmi ni mo wò ó kẹ́yìn."

"Ẹ ò tún fojú kàn án mọ́?"

"Eérú ni wọ́n ní kí n wá wò."

Wọn ò tíì dé ibi ọkọ̀ tí fóònù Olùpamọ́ tún fi gbọ̀n. Ó kà á, ó sì na fóònù náà sí Sájẹ́ńtì.

"Ìlẹ̀kùn rẹ ò ní àgádágodo níta. Mo ti bá ọ ra ọ̀kan."

* * *

Nínú ọkọ̀, Má-kánjú béèrè, "Kí ló wà ní igun tó o gé?"

Olùpamọ́ wo ìta títí tí ilé mẹ́ta fi kọjá.

"Àmì bàbá mi ni, mà." Ó ṣàlàyé rẹ̀. "Róòlù mẹ́fà ni fíìmù náà. Máṣìn méjì ló ń fi í hàn. Bí róòlù kan bá ń tán lọ lórí máṣìn kan, ẹni tó ń yí i gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó máa ta èkejì jí. Àmì kékeré méjì ló fi ń mọ̀ ọ́n, ní igun ọ̀tún lókè. Àkọ́kọ́ ní kó ta á jí. Ìṣẹ́jú àáyá méje lẹ́yìn ìyẹn, èkejì ní kó pààrọ̀. Ará ìjókòó kì í kíyè sí i."

"Áà." Inú Má-kánjú dùn, kò lè fi pa mọ́. "Méje, kí máṣìn fi gba eré tó yẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn yòókù a máa lu ihò róbótó. Bàbá mi nìkan ló ń fi abẹ́rẹ́ fá onígun mẹ́ta. Bí mo ṣe rí i, mo mọ̀ pé ẹ̀dà tí wọ́n ní ó jóná gan-an ni. Bí kò bá jóná, á jẹ́ pé wọ́n jí i. Ta ló wà nínú yàrá yẹn ju bàbá mi lọ?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ti ń pè é lọ́mùtí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa pè é lólè. Ni mo bá gé etí àwòrán náà kí n tó gbé e síta."

"Ta lo fi àwọn róòlù náà hàn?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀gbọ́n Máníjà gan-an ò rí wọn, kò sì rí ìwé méjèèjì."

Má-kánjú yọ ìwé kejì lápò, ó sún un mọ́ ojú, ó kà á. "'Ẹ ó fi àmì onígun mẹ́ta dá ẹ̀dà wa mọ̀: méjì méjì ní òpin róòlù kìíní dé ìkẹrin, ọ̀kan ṣoṣo ní ìkarùn-ún.' Ọmọ mi, ohun tó o gé dànù kí ẹnikẹ́ni tó rí i, báwo ni ẹni yìí ṣe kà á?"

Sájẹ́ńtì dẹ ẹsẹ̀ lórí eré. "Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí."

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe Olùdarí: ẹ̀dà tirẹ̀ ò tíì ní àmì nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀." Má-kánjú yíjú sẹ́yìn. "Gbọ́, kì í ṣe bàbá rẹ náà. Iṣẹ́ aṣọ ni mo bá dàgbà. Ẹni tó fẹ́ jí ẹ̀wù gbé kì í kọ́kọ́ jókòó rán bọ́tìnnì rẹ̀ tó já. Àmì yẹn ò wúlò fún nǹkan kan láyé yìí àfi kí wọ́n lè fi fíìmù hàn lọ́jọ́ kejì. Bàbá rẹ ń palẹ̀ mọ́ de iṣẹ́ ni. Ó fá àmì àkọ́kọ́ sí róòlù karùn-ún. Kó tó fá èkejì, ẹnì kan wọlé bá a."

Olùpamọ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Sájẹ́ńtì, inú fáìlì ìgbà náà, kí ni wọ́n bá nínú eérú?"

Sájẹ́ńtì ti kà á láàárọ̀ kó tó wá, ó ti há a sórí. "Máṣìn méjì. Àga irin kan. Abẹ́rẹ́ ńlá kan. Àgádágodo kan, ní títì."

"Agolo ńkọ́?"

"Kò sí agolo."

"Irin kì í di eérú. Agolo ti jáde kí iná tó wọlé."

Olùpamọ́ sún síwájú. "Àgádágodo yẹn ńkọ́, mà?"

"Ẹni tó wà nínú yàrá," Má-kánjú ní, "kì í fi àgádágodo ti ara rẹ̀ mọ́lé."

* * *

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù nígbà tí wọ́n padà dé. Àgádágodo tuntun kan gbé kọ́ sára ìlẹ̀kùn níta, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń dúró. Olùpamọ́ ò lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má-kánjú ló yọ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ eyín wò, ó sọ ọ́ sínú àpò irinṣẹ́.

"Ta ló mọ̀ pé ẹ ò sí nílé?" Sájẹ́ńtì béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n Máníjà nìkan ni mo..." Olùpamọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Kò lè jẹ́ òun. Òun ló rán mi nílé ìwé. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń so fíìmù tó bá já."

"Kó jẹ́ òun kó má jẹ́ òun, agolo á sọ ọ́," Má-kánjú ní. "Pè é. Ní o ti gbà, kó wá kó o."

Kó tó dé, Má-kánjú to agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, nọ́ńbà wọn fara hàn gedegbe lórí ìdérí. Ṣùgbọ́n ó ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú wọn. Róòlù karùn-ún ń bẹ nínú agolo kejì. Sájẹ́ńtì fara pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ.

Ẹ̀gbọ́n Máníjà wọlé pẹ̀lú àpò ńlá kan, orí rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ kún fún àánú. Ó gbá Olùpamọ́ mọ́ra. Òórùn ọṣẹ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ọṣẹ náà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, nǹkan mìíràn wà.

"Ẹ kú àánú ọmọ yìí, sà," Má-kánjú ní, ó tẹrí ba. "Ọlọ́pàá ní àwọn máa mú róòlù kan ṣoṣo lọ, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti jẹ́. Ẹ bá a kó márùn-ún yòókù. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ fi sílẹ̀."

"Kò burú."

Agolo karùn-ún ni ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà. Ó ṣí i, ó fa ìdí fíìmù náà sókè sí iná, ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún un wò. Ó dé e padà, ó ṣí ẹ̀kẹfà.

"Kí lẹ ń wá, Ẹ̀gbọ́n?" Olùpamọ́ béèrè. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ń wò ó bóyá ó ti ń bàjẹ́ ni, ọmọ mi."

Ó ṣí ẹ̀kẹrin. Ó dé e. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ó ṣí ìkejì, ó gbé ìdí rẹ̀ sí iná, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ki agolo náà sí ìsàlẹ̀ àpò. Ó wá kó mẹ́rin mìíràn lé e lórí láìwo ojú wọn, ó fi ìkẹta sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ ti rí i," Má-kánjú ní.

"Kí ni mo rí?"

"Èyí tó ní àmì kan, ẹ̀rí pé ẹnì kan já lu bàbá ọmọ yìí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yẹ mẹ́ta wò, ẹ dá wọn padà. Bí ẹ ṣe ṣí agolo tó ṣìkẹrin, ẹ ò bìkítà mọ́ bóyá èyí tó kù bàjẹ́. Ọmọ yìí ò fi wọ́n han ẹnikẹ́ni, kò sì ka ìwé yẹn fún ẹnikẹ́ni, sà. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀kan yàtọ̀ láàárín wọn?"

Sájẹ́ńtì jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ. Ó gba ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Máníjà. Má-kánjú ti mú àgádágodo dání. Kọ́kọ́rọ́ kìíní, rárá. Ìkejì, rárá. Ìkẹta tuntun, ó ń dán. Ó wọlé, ó yí, àgádágodo ní *kẹ́*.

Máníjà jókòó láìsí ẹni tó ní kó jókòó.

"Mo kàn fẹ́ dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí n tà á ni," ó ní. "Gbogbo ayé ló ń ṣe é nígbà yẹn. Bàbá rẹ ní òun máa sọ fún Olùdarí. Mo tì í mọ́lé kí n fi rí agolo náà gbé jáde, kí n tún padà wá bẹ̀ ẹ́. Sìgá tí mo jù sẹ́nu ìlẹ̀kùn... mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ tún wá fi ẹ̀dà yẹn pa mọ́," Sájẹ́ńtì ní.

"Ta ni mo fẹ́ tà á fún lẹ́yìn ìyẹn? Òkè àjà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbé e sí. Ẹ̀gbọ́n mi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ọ láìbi mí." Ó gbójú sókè wo Olùpamọ́. "Mo tọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?" Olùpamọ́ béèrè. "Nígbà tó ń lu ìlẹ̀kùn, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Máníjà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ló ń wò títí tí Sájẹ́ńtì fi mú un jáde.

* * *

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni Olùpamọ́ yọ fíìmù náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pe Olùdarí.

"Mo ti yọ ọ́, bàbá."

"Ẹ̀rù ẹni tó ń halẹ̀ yẹn ló bà ọ́?"

"Wọ́n ti mú un, sà. Torí pé mi ò béèrè ni mo ṣe yọ ọ́. Mo ń béèrè báyìí."

Arúgbó náà tún béèrè:

"Ọwọ́ ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú èyí tí mi ò gé. Àmì bàbá mi náà wà níbẹ̀."

"Gbé gbogbo rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n má gé nǹkan kan mọ́."

Má-kánjú ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò kánjú. Olùpamọ́ ṣí róòlù karùn-ún lórí kọ̀ǹpútà kó tó gbé e jáde, ó sáré lọ sí òpin. Gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá ti mi ìlẹ̀kùn ló ń bojú wẹ̀yìn. Lórí àwòrán, obìnrin náà ń rìn lọ sétí òkun. Ní igun ọ̀tún lókè, onígun mẹ́ta kékeré kan tàn, ó lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Má-kánjú dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò lápá, òun náà ń kà á lábẹ́ ètè.

Nígbà tó pé eéje, igun náà ṣófo. Olùpamọ́ na ọwọ́, ó sì ta róòlù kẹfà jí.